Ìmọ̀ Tó, Ọwọ́ Tó, Ẹnu Ni Kò Sí: Ọdún Kan Tí Apòògùn Ṣakí Lò ní Èkó

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi gan-an ò gbà mí gbọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló mọ̀ mí jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè é láti Èkó tí mo ní wọ́n ń gé iṣu tà níbẹ̀, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ṣé ara yín le báyìí?" Mo ní ara mi le. Ó ní kí n lọ sùn.

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń to iṣu jọ bí ògiri, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní Yábàá, níṣojú mi, obìnrin kan fi ọ̀bẹ pín iṣu kan ṣoṣo sí mẹ́ta. Ó ta orí rẹ̀ fún ẹnì kan, ó ta àárín fún ẹlòmíràn, ẹni tó ra ìdí rẹ̀ sì dúpẹ́. Ó dúpẹ́ o. Bí ẹ bá ti lè gba ìyẹn gbọ́, ìyókù ò ní le fún yín mọ́: pé ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tó ti ń hu ewú padà sí ilé ẹ̀kọ́, pé obìnrin tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ ni olùkọ́ mi, pé ohun tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi padà wálé kì í ṣe oògùn rárá. Ẹnu ni.

Ẹ mọ yàrá tuntun tó wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ilé ìwòsàn wa, èyí tó ní ibùsùn mẹ́rin àti ẹ̀rọ tó ń báni mí. Ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ti rí dókítà tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ti rí nọ́ọ̀sì, ó ku apòògùn. Ìdí ni pé ẹni tó bá dé irú yàrá bẹ́ẹ̀, tó wà láàárín ikú àti ìyè, lè máa gba oògùn mẹ́wàá, méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn oògùn yẹn á sì máa bá ara wọn jà nínú rẹ̀ bí orogún. Ẹnì kan ní láti dúró síbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju pé kó máa la ìjà orogún lọ. Ọ̀gá wa wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bà lé mi. Ó ní kí n lọ ṣe rẹ́sídẹ́ńsì, ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan, ní Èkó, nínú áísíyù, irú yàrá bẹ́ẹ̀ gan-an, ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ. Bí mo bá gba ìwé ẹ̀rí bọ̀, yàrá á ṣí. Bí mi ò bá gbà á, àgádágodo á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo lọ dágbére fún ìyá mi, ó wò mí títí. "Àlàbí, láti ọdún wọ̀nyí, ṣé o ò tíì mọ oògùn tà ni?"

Ṣé mo mọ̀ yín ni?

Èbúté Mẹ́ta ni mo dé sí, nínú ilé àtijọ́ kan tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó. Màmá Adébánjọ ló ni ilé náà, ọmọ Ìjẹ̀bú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, opó akọ̀wé reluwé kan. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo bá ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ mi.

"Ẹ kú ìjókòó o."

Ó yọ okùn fóònù kúrò létí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo mọ̀ yín ni?"

"Rárá o. Mo kàn ń kí yín ni."

"Kí ló dé?"

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lórí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí léèrè ìdí tí mo fi kí òun. Mo bá gun òkè lọ. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin yìí kan náà ti ń pariwo mọ́ mi láti ojú wíńdò: "Ẹ̀gbọ́n Ṣakí, ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ìdúró o, ẹ kú ìmí o." Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Mo dá a lóhùn gbogbo rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi sú òun fúnra rẹ̀.

Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Èkó kì í jókòó. Ó máa ń sáré ni, á sì fa òyìnbó dání bí ẹni tó fa ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá sọ tèmi tán, àwọn ọmọ tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ á wo ara wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, Yorùbá yín ti jìn jù. Ẹ rọra fà wá sókè." Láti ọjọ́ náà ni mo ti di àjèjì láàárín àwọn tí wọ́n ń sọ èdè ìyá mi. Ẹ ò mọ̀ bí ìyẹn ṣe ń rí. Ẹni tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Oúnjẹ ni mi ò lè pẹ̀gàn. Lóòótọ́, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bu ẹ̀wà àgọ̀yìn fún mi, mo wo ọbẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, mo rò pé ọ́ìlì tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n dà sí i. Mo fi búrẹ́dì tọ́ ọ wò torí ìtìjú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, obìnrin tó ń tà á ti mọ ẹsẹ̀ mi bó ṣe ń bọ̀, kò sì ní bi mí ní iye tí mo fẹ́ mọ́. Ẹja gbígbẹ Mákòkó náà ń bẹ. Mo rí èyí tó tutù nínú tó gbẹ lẹ́yìn, mo sì dárí ji Èkó lórí ọ̀rọ̀ iṣu.

Obìnrin tó ń kúnlẹ̀

Olùkọ́ mi ń jẹ́ Ṣadé, ṣùgbọ́n Àǹtí Ṣadé ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, nítorí náà ni èmi náà ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà áísíyù, ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ kú ìrìn."

Inú mi dùn. Mo ní, "Wàá dàgbà, wàá dògbó."

"Àmín, sà." Ó dìde, ó gbọn orúnkún. "Ibùsùn kẹta. Kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, oògùn mọ́kànlá ló ń gbà. Èwo ni ẹ máa kọ́kọ́ yọ nínú wọn, sà, kí sì ni ìdí rẹ̀?"

Mo wo ìwé. Ìwé wò mí. Òun dúró tì mí, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tó wà níwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ má kánjú, sà," ó ní. "Aláìsàn náà ò lọ ibì kankan."

Bí a ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. Á kúnlẹ̀, màá súre, á dìde, á wá fi ìbéèrè nà mí títí oòrùn á fi mú. Mi ò rí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ni tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì rí ẹni tó ń fojú ènìyàn gbolẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Áísíyù gan-an, otútù rẹ̀ ju ọyẹ́ Ṣakí lọ. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ra súwẹ́tà. Nínú Èkó tí gbogbo ayé ti ń làágùn, èmi nìkan ni mò ń gbé súwẹ́tà kọ́ apá jáde nílé, àwọn ará ilé wa sì ti sọ ọ́ di àwàdà.

Olórí gbogbo wa níbẹ̀ ni Prọ́ọ̀fù, dókítà àgbà kan tí orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí. Imú ló fi ń sọ òyìnbó. Láràárọ̀, tó bá ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn, gbogbo wa á tò tẹ̀ lé e, dókítà níwájú, nọ́ọ̀sì láàárín, àwa apòògùn nídìí. Ní ìdí ibùsùn kọ̀ọ̀kan, tó bá ti pàṣẹ oògùn tán, á bojú wẹ̀yìn, á ní, "Fámásì?"

Ibẹ̀ ni wàhálà mi wà. Ohun tí ìbéèrè yẹn ń béèrè ni pé: kí ni mo ṣe tí kò dáa? Apòògùn ní láti wí i níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn: sà, oògùn yìí ti pọ̀ jù, sà, méjèèjì yìí kì í gbé inú ara kan náà. Àwọn ọmọ kékeré tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ń wí i wẹ́rẹ́. Èmi nìyí, tí mo ti lo ogún ọdún lẹ́yìn wíńdò fámásì ní Ṣakí, tó jẹ́ pé bí dókítà bá kọ àṣìṣe, ìwé pélébé ni mo fi ń ránṣẹ́ sí i, "ẹ jọ̀wọ́, sà" lókè, "ẹ jọ̀wọ́, sà" nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ṣé kí n wá na ìka sí àgbàlagbà báyìí níwájú àwọn ọmọ rẹ̀?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó kàn mí, Prọ́ọ̀fù ní, "Fámásì?"

Mo tẹrí ba. Mo ní, "A wà dáadáa, sà. A dúpẹ́."

Lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì

Wọ́n gbé màmá kan wá láti Mákòkó. Ẹja ló ń yan níbẹ̀, èéfín sì ti bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tó wá bá a níbẹ̀. Kò pẹ́ tí kíndìnrín rẹ̀ náà fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: kíndìnrín ni gọ́tà ara. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn ń gbà jáde. Bí gọ́tà bá dí, tí ẹ sì ń bu omi sínú ilé lójoojúmọ́, ẹ mọ ohun tí ilé á dà.

Prọ́ọ̀fù kọ oògùn kan fún un, odidi ìwọ̀n tí ẹni tí gọ́tà rẹ̀ là ń lò. Mo rí i. Ó hàn sí mi bí ọ̀sán. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Fámásì?" Mo tẹrí ba.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ o. Mo ti pinnu pé màá lọ bá Prọ́ọ̀fù sọ ọ́ nínú ilé, níbi tí ẹlòmíràn ò sí, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ti ń ṣe. Bí wọ́n ṣe parí, mo tẹ̀ lé wọn dé ọ́fíìsì wọn. Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé wọn ní kí n jókòó, mo ní ó tó bẹ́ẹ̀. Mo dúró fún wákàtí kan, mo dúró fún èkejì. Ní Ṣakí, wọn ìbá ti máa yìn mí.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sáré kọjá. Màmá Mákòkó ti ń gan lórí ibùsùn, bí ọmọ tí gìrì mú.

A sáré. Wọ́n dá oògùn dúró, wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì kọjá kó tó dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹja. Mo bi í pé irú ẹja wo. Ó ní, "Èyí tí kì í ṣe tèmi. Tèmi ti sú mi."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Àǹtí Ṣadé pè mí sínú yàrá kékeré tí a ń to oògùn sí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Dìde, Àǹtí. Sọ ọ́."

Ó dìde. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Mo sùn mọ́jú níbí lọ́jọ́ yẹn, mo lọ wẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń yípo àwọn ibùsùn. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìwé yín hàn mí. Ẹ ti ṣírò ìwọ̀n oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà, ó pé bó ṣe yẹ. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì dákẹ́."

"Inú ilé ni mo fẹ́ ti bá wọn sọ ọ́."

"Inú ilé wo, sà? Ikú ò ní inú ilé. Gbangba ló ti ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀."

Ó mú ìwé àbọ̀ tó kọ nípa iṣẹ́ mi jáde. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìmọ̀: ó tó. Ọwọ́: ó tó. Ẹnu: kò sí. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé bí ìlà kẹta kò bá yí padà kí oṣù tó parí, kí wọ́n dá mi padà sí ibi tí mo ti wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín," ó ní. "Mi ò fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n màá ṣe é, sà." Ó tún kúnlẹ̀, ó jáde.

Mo jókòó láàárín àpótí oògùn, mo ń wo àgádágodo Ṣakí lọ́kàn mi.

Iyọ̀

Màmá onílé mi rí i pé mo ń rù. Ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ikú àti ìyè kò gbọdọ̀ máa dáná, ó bá ń gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ ránṣẹ́ sí mi lókè nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, ìkọ́kọrẹ́ ni iṣu ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n sì fi ẹja àti epo sè títí tó fi gbàgbé pé iṣu ni òun. Ó dùn. Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, iyọ̀ inú rẹ̀ lè dá òkú dúró. Mo mu omi tì í. Lálẹ́ kejì, mo mu omi tì í. Ẹni tó bọ́ ọ, ṣé wàá sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù?

Ní ọjọ́bọ̀, àlejò kan wá kí màmá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn nísàlẹ̀.

"Ọkùnrin Ṣakí, sọ̀kalẹ̀ wá."

Mo gbé abọ́ mi sọ̀kalẹ̀. Àlejò ń mu omi.

"Láti ọjọ́ wo ni ọbẹ̀ mi ti níyọ̀ báyìí?"

"Màmá, oúnjẹ yín dùn."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dùn. Ọjọ́ wo ni mo bi ọ́."

"Ọjọ́ ajé, Màmá."

"Òní di ọjọ́bọ̀. Ahọ́n mi ti dàgbà, kò mọ iyọ̀ mọ́. Ìwọ mọ̀ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ lo ń bá mi ka oògùn mi. Ìkòkò kan náà ni èmi àti ìwọ ti ń jẹ." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "O fẹ́ fi ìwà ọmọlúàbí pa mí."

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde jàre. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í yọ iyọ̀ lọ́bẹ̀."

Mo dìde. Ó fi ojú tíṣà wò mí, ojú tó ti fi wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Mo bá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Prọ́ọ̀fù fún un, àti ti màmá Mákòkó, àti ìlà mẹ́ta.

"Bàbá rẹ," ó ní, "tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó jù ú lọ, ṣé dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́?"

"Rárá, Màmá. Á tọrọ àyè. Á ní tótó, ó ṣe bí òwe."

"Kí ni àwọn àgbà máa dá a lóhùn?"

"Wọ́n á ní, wàá rí òmíràn pa."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Á sọ ohun tó fẹ́ sọ."

"Àbí o ò rí i?" Ó fa abọ́ mi sọ́dọ̀ rẹ̀, ó bo ọbẹ̀ náà. "Àwọn baba wa ti ṣe ilẹ̀kùn sí i tipẹ́. Ìwọ kàn dúró síta tó ò ń wo ògiri."

Ìwé àná

Nínú ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù náà, ẹni tó wà ní ibùsùn kìíní ni Múfú, ọkùnrin kan tó ń ṣe àga tìmùtìmù ní Pápá Àjàó. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Láràárọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ló máa ń bi, torí èmi nìkan ni mo máa ń dúró kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti lajú?"

"Kò tíì là á. Ṣùgbọ́n a wà pẹ̀lú rẹ̀."

Ó ti di àṣà mi láti máa gba ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kọjá kí n tó wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n fún mi ní èsì Múfú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo wò ó, mo tún un wò. Irú iyọ̀ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pòtásíọ́mù. Ọkàn ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Bó bá kéré, ọkàn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Bó bá pọ̀ jù, ọkàn á dúró, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í sì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Lánàá, tirẹ̀ ti kéré, wọ́n sì ti fún un. Ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ sùn lọ láàárín òru, pòtásíọ́mù náà sì ti ga gan-an nínú ìwé òní.

Nígbà tí mo máa fi dé, wọ́n ti wà nídìí ibùsùn rẹ̀. Àǹtí Ṣadé wà níbẹ̀. Mo na ìwé náà sí i, ó kà á, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́. Ó fi ojú tọ́ka síwájú.

Prọ́ọ̀fù di fáìlì mú, ìwé àná ló ṣí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún fún Múfú ní pòtásíọ́mù bíi ti àná. Nọ́ọ̀sì ti gbé àpò omi náà kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí okùn.

Ó bojú wẹ̀yìn. "Fámásì?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, orí mi ti ń tẹ̀ ba fúnra rẹ̀. Ọrùn mi ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo wá rántí abọ́ ìkọ́kọrẹ́.

"Tótó, ó ṣe bí òwe, sà."

Èdè Yorùbá ni, ketekete, láàárín gbogbo òyìnbó yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má baà jáde. Prọ́ọ̀fù gbé orí sókè, ó wò mí, ẹnu tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ Yorùbá rí yẹn sì là.

"Wàá rí òmíràn pa."

Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó ya òun alára lẹ́nu. Ó jọ pé bàbá rẹ̀ ló ti fi síbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí ẹnikẹ́ni ò sì kan ilẹ̀kùn náà láti ìgbà yẹn.

Mo ní, "Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àná lẹ mú dání, sà. Ti òní rèé. Pòtásíọ́mù rẹ̀ ti ga jù. Bí èyí bá wọlé, ọkàn rẹ̀ á dúró."

Ó gba ìwé náà. Ó gbé awò rẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ yọ ọ́."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló padà sí òyìnbó rẹ̀, tó ń pàṣẹ àwọn oògùn tí wọn á fi sọ pòtásíọ́mù náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n a ti gbọ́.

Nígbà tí a parí, Àǹtí Ṣadé mú ìwé àbọ̀ mi jáde. Ó wá mú bírò, ó wọ́ ìlà gba orí "kò sí", ó kọ "ó wà, ó ń tọrọ àyè" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹnu òun alára ti là tán láti sọ ọ́ nídìí ibùsùn. Òun kàn ní kí òun ka ení, èjì, ẹ̀ta fún mi ná.

"O ka dé èló?"

"Èjì ààbọ̀, sà."

Ọjọ́ kẹrin ni Múfú lajú. Nígbà tí wọ́n yọ ọ̀pá lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó wo àga tí ìyàwó rẹ̀ jókòó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì fi ohùn tí kò ju mímí lọ sọ̀rọ̀. Gbogbo wa tẹ̀ síwájú láti gbọ́. Ó ní ẹni tó ṣe àga yẹn fún wa ti rẹ́ wa jẹ.

Láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà níbẹ̀. Dókítà kan tó wá láti Ẹnúgu, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, náà ń sọ "Tótó, sà" kó tó tako Prọ́ọ̀fù, kò sì mọ̀ pé ó ṣẹ́kù. Prọ́ọ̀fù á sì dá a lóhùn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìgbójú sókè.

Odidi iṣu

Nígbà tí ọdún pé tí mo gba ìwé ẹ̀rí, tí Òkè Àsabàrí ìlú wa sì yọ lókèèrè, mo rò pé jíjẹ́ àjèjì mi ti parí. Irọ́ ni. Ìyá mi ní ìrìn mi ti yára jù, ó bi mí ta ló ń lé mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Yorùbá mi ti ń sáré. Ìyàwó mi gbé odidi iṣu kalẹ̀ níwájú mi lórí tábìlì, ní tútù, ó ní kí n wò ó dáadáa kí ara mi lè balẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ará ibi iṣẹ́ wá kí mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí, mo sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Múníráì wà láàárín wọn, nọ́ọ̀sì tí wọ́n yàn fún yàrá tuntun. A ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, mi ò sì gbọ́ kí ohùn rẹ̀ ga rí. Nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Prọ́ọ̀fù yẹn ò bínú, sà?"

"Kò bínú rárá."

Ó mi orí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Wọ́n ṣí àgádágodo. Ẹni àkọ́kọ́ tí a gbé wọlé láti wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni bàbá àgbẹ̀ kan tí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rà, tí àìsàn sì ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan. Mo wọ súwẹ́tà. Ọ̀gá wa dúró lápá ọ̀tún mi, dókítà lápá òsì, gbogbo wọn ń wo ẹnu mi, ẹnu tí wọ́n rán mi lọ kọ́. Mo ṣí fáìlì, mo gbọ̀n ọ́n, mo fi imú sọ òyìnbó díẹ̀. Mo dárúkọ oògùn tí a máa fún un, oògùn kan náà tí màmá Mákòkó gbà, odidi ìwọ̀n rẹ̀, mo sì ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Tótó, ó ṣe bí òwe, sà."

Mo yíjú padà. Múníráì ni. Ó di irin ibùsùn mú.

"Mi ò rí òwe kankan mú wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wà lọ́wọ́ yín. Àpò ìtọ̀ wọn sì ṣófo láti ìdájí."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ ibùsùn. Àpò náà gbẹ. Gọ́tà ti dí, èmi sì fẹ́ bu omi sínú ilé, lẹ́yìn tí mo ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ àná yangàn nípa gọ́tà. Mo dìde, mo fi òyìnbó sílẹ̀.

"Wàá rí òmíràn pa," mo ní.

"Àmín, sà," Múníráì ní. "Ẹ kọ́kọ́ fagi lé èyí tẹ́ ẹ kọ ná."